Ọmọ Ọwọ́ Nínú Ọkọ̀ Òfurufú: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Ìyá Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ohun tí a jókòó sí ilé rò. Ìníṣà ni a ti bá a pàdé. A lọ kí ẹbí kan tí ọmọ wọn ọkùnrin ń gbé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, a sì bá ìyàwó rẹ̀ nílé, ó pọn ọmọ oṣù 4 sẹ́yìn, ó ń ká aṣọ sínú àpótí. Bàbá ọmọ náà kò tíì fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ rí. Ojú tẹlifóònù nìkan ni ó ti ń rí i. Ìwé ìrìnnà ti jáde, físà ti jáde, a ti san owó ọkọ̀, ó ku ọjọ́ 11 kí wọ́n gbéra. Ìyá ọkọ sì ní òun kò gbà.

“Ìyàwó mi,” ni màmá náà wí, “ìwọ lè máa lọ bá ọkọ rẹ, n kò dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí àwùjẹ̀ rẹ̀ kò tíì le, òun náà ni a ó gbé lọ sókè níbi tí ẹyẹ kò dé? Bí etí rẹ̀ bá dí ńkọ́? Bí ó bá ń ké lóru, ta ni yóò bá ọ gbà á?”

Ìyàwó náà kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ jẹ́ kí a bi ẹni tí ó mọ̀.” Ni àwọn méjèèjì bá yíjú sí wa.

Àwa kì í ṣe oníṣègùn, a kò sì wa ọkọ̀ òfurufú rí. Ṣùgbọ́n a ti wá ìdí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ohun tí a sì sọ fún wọn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, pẹ̀lú díẹ̀ tí a rántí lẹ́yìn tí a ti padà délé, ni a kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, nítorí a mọ̀ pé ilé náà nìkan kọ́ ni a ti ń jiyàn yìí.

A kò fi màmá náà rẹ́rìn-ín, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1907 ni ojú irin ti Èkó dé Òṣogbo. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá sí Ọ̀fà, ó sì wọ Ìlọrin. A kò rò pé gbogbo ìyá ni ó fi ọkàn balẹ̀ lọ́jọ́ kìíní láti gbé ọmọ wọ inú ohun tí ń tú èéfín bí ilé tí ń jó. Nígbà tí ó yá, ó di ohun tí a ń gbé ọmọ àti ẹrù ọjà wọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ Ìníṣà tí ó lọ ṣòwò ní Góòlù Kóòsì, ilẹ̀ tí ó di Gánà ní ọdún 1957, gbé ìyàwó àti ọmọ dání. Nígbà tí ìjọba Busia sì pàṣẹ ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kó jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ ọwọ́ ni ó ti ẹ̀yìn ìyá wò gbogbo ọ̀nà náà dé ilé. Ẹ̀yìn ìyá ti rìn jìnnà tipẹ́tipẹ́. Ti òfurufú ni ó ṣì ṣe tuntun: ọdún 1936 ni ọkọ̀ òfurufú Imperial Airways tí ń kó lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí wá sí Kánò, tí ó sì dé Èkó kí ọdún náà tó parí.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí etí, nítorí ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù màmá náà ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù lọ. Ẹni tí ó bá ti fi mọ́tò gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè rí, tí ó sì sọ̀kalẹ̀ wá sí apá Ìjẹ̀ṣà, yóò rántí bí etí ti ń dí, tí yóò sì là nígbà tí a bá gbé itọ́ mì. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú bàálù. Bí a bá ti ń lọ sókè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Bàálù ńlá a máa fò ní gíga tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà 30,000 lọ, níbi tí ènìyàn kò lè mí kí ó tó o. Nítorí náà ẹ̀rọ a máa ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ dà bí ẹni tí ó wà lórí òkè tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Èyí kò ṣe àwùjẹ̀ ọmọ ní ohunkóhun. Ọmọ tí a bí ní oṣù tí ó pé, tí ara rẹ̀ sì le, lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kí a tó bí i, tàbí tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ kí a tó san owó ọkọ̀.

Ihò tóóró kan wà tí ó ti ẹ̀yìn ọ̀fun lọ sí inú etí, lẹ́yìn awọ tí a fi ń gbọ́ràn. Ti ọmọ ọwọ́ tóóró ju ti àgbà lọ. Nígbà tí bàálù bá ń sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ òde a máa ti awọ náà sínú. Bí ihò yìí bá là, afẹ́fẹ́ inú àti ti òde á dọ́gba, bí kò bá là, ìrora dé. Àgbà á yán, á gbé itọ́ mì. Ọmọ ọwọ́ kò mọ èyí, ṣùgbọ́n ó mọ ọmú mu, gbígbé mì sì ni ohun tí ń ṣí ihò náà. Ọmú, tàbí ìgò oúnjẹ ọmọ fún èyí tí kì í mu ọmú, ni gbogbo oògùn etí tí a mọ̀ nínú bàálù.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣìnà. Wọn á fún ọmọ lọ́mú nígbà tí bàálù bá ń gòkè, ọmọ á yó, á sùn. Nígbà tí bàálù bá wá ń lọ sílẹ̀, ọmọ ṣì ń sùn, ìyá á dúpẹ́, á ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí òun tí ń sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni sísọ̀kalẹ̀ yìí gan-an ni ó ń dun etí ju gígòkè lọ, kì í sì í ṣe ìgbà tí táyà bá kan ilẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ jí i. Ẹ jí i nígbà tí awakọ̀ bá kéde pé àwọn ti ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì fi ọmú sí i lẹ́nu. Ìyá tí ó fẹ́ ṣe é dáadáa kò ní jẹ́ kí ọmọ yó kíṣìkíṣì ní wákàtí kan ṣáájú, kí ó lè gbà á nígbà náà. Bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọ tí imú rẹ̀ dí, ihò náà á dí pẹ̀lú. Kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wò ó kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé.

Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ púpọ̀, nítorí náà ọmọ á fẹ́ mu ọmú ju bí ó ti ń mu nílé lọ. Èyí tí kò tíì pé oṣù 6 kò nílò omi. Ọmú tó o, kí ìyá fúnra rẹ̀ ni ó mu omi dáadáa.

Ní ti ọjọ́ orí, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù kò fẹnu kò: òmíràn ń gba ọmọ ọjọ́ 7, òmíràn ní ó di ọ̀sẹ̀ 2. Èrò tiwa ni pé bí kò bá sí ọ̀ràn pàjáwìrì, kí a dúró kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó wọ inú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èyí tí ó ti pé oṣù 9 ní láti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́njú pẹ̀lú ti èéyi, kí ó sì ní yẹ́lò káàdì tirẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti Nàìjíríà wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni ó kàn, a ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí omijé tí a ti rí nítorí ìwé ju ti etí lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a ń sọ ọmọ lórúkọ, bàbá àgbà á mú orúkọ wá, ìyá àgbà á mú wá, ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ tí ó wà ní Kánò á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú owó. Kí oúnjẹ tó jinná, ọmọ ti ní orúkọ mẹ́jọ pẹ̀lú oríkì. Ó dára, ó sì dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n kí bàbá àti ìyá jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n yan èyí tí yóò wọ inú ìwé, kí wọ́n sì kọ bí a ó ti máa kọ lẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wo orúkọ Ìníṣà gan-an: òmíràn kọ ọ́ ní Inisa, òmíràn ní Inisha, kò sì sí ẹni tí ó ṣìnà. Ènìyàn kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà. A mọ ìyá kan ní Òkukù tí ìrìnàjò rẹ̀ yẹ̀ nítorí lẹ́tà h kan ṣoṣo, tí ó wà nínú orúkọ bàbá tí kò sì sí nínú ti ọmọ. Owó ọkọ̀ tí a ti san, ìdajì rẹ̀ kò padà wá.

Káàdì ilé ìwòsàn kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí. Ìwé ìrìbọmi pẹ̀lú kì í ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú tí a ti ṣe ìrìbọmi náà mọ ọmọ dáadáa. Ti Àjọ Ìkànìyàn ti ìjọba àpapọ̀ ni a ń béèrè. Òun ni a ó mú lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà ní Òṣogbo, a ó sì gbé ọmọ fúnra rẹ̀ lọ, nítorí wọn á ya àwòrán rẹ̀. Kò sí ọmọ tí ó kéré jù láti ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀ àti físà tirẹ̀ níbi tí a bá ti ń béèrè físà. Ìgbà tí a ń kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ìyá rẹ̀ ti kọjá. Ìwé náà á lo ọdún 5, ojú ọmọ oṣù 3 tí ó wà nínú rẹ̀ á sì di ohun tí àwọn aṣọ́bodè ń fi rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ bá ti ń sáré kiri. Bí ìyá nìkan bá ń gbé ọmọ lọ, kí bàbá kọ ìwé pé òun mọ̀, òun sì yọ̀ǹda, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ìrìnnà tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú bí wọ́n bá béèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà; nítorí àwọn tí ń jí ọmọ gbé ni wọ́n fi ń béèrè.

Láti ìlú wọ̀nyí, ọ̀nà méjì ni ó lọ sí Èkó. Ọ̀kan ni ti mọ́tò láti Òkukù, kí a gba Ìníṣà, Ìkìrun, Òṣogbo, Gbọ̀ngán àti Ìbàdàn. Èkejì ni kí a kọjú sókè sí Ọ̀fà àti Ìlọrin, kí a wọ bàálù kékeré níbẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, ìrìn tí kò tó wákàtí kan. Èkejì yìí wọ́n, ṣùgbọ́n a fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tí ó bá lágbára, nítorí ìyá á ti mọ bí ọmọ òun ṣe ń ṣe sí òfurufú kí ti òkun tó dé. Kí ó rántí pé ibùdó bàálù ti abẹ́lé àti ti ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe ilé kan náà ní Ìkẹjà. Mọ́tò ni a fi ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì. Èyí ó wù kí a gbà, kí a sun Èkó mọ́jú. Ọmọ tí mọ́tò ti gbò jìgìjìgì láti Ìkìrun, tí a sì gbé e sínú bàálù lálẹ́ ọjọ́ kan náà, bí ó bá ké, ó jàre.

Ní ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, a ó ní kí ìyá tú ọ̀já, kí ó gbé ọmọ sọ̀ sí ọwọ́ kọjá. Omi àti ohun olómi tí ó bá ju mílílítà 100 lọ ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ́wọ́ èrò, ṣùgbọ́n wàrà ọmọ àti oúnjẹ rẹ̀ tí yóò tó o ní ọ̀nà ni a yọ sílẹ̀. Kí ìyá mú un jáde fúnra rẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó jẹ́. Kí àgbo tí a sè nílé má bá wọn lọ o.

Inú bàálù ni ọ̀já ti pàdé ẹni tí ó jù ú lọ. Nígbà tí ó bá ń gbéra àti nígbà tí ó bá ń balẹ̀, a kò gbà kí ọmọ wà lẹ́yìn. Orí itan ni yóò wà. Ìyá á fi bẹ́líìtì di ara rẹ̀, a ó sì fún un ní bẹ́líìtì kékeré kan tí ó so mọ́ tirẹ̀, èyí ni yóò fi di ọmọ. Nínú bàálù àwọn ará Amẹ́ríkà, òfin wọn kò gba bẹ́líìtì kékeré yìí. Ọwọ́ ni ìyá á fi dì í mú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè jókòó sórí itan báyìí, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ a sì máa gba nǹkan bí ìdá kan nínú 10 owó àgbà lórí rẹ̀ fún ìrìn ilẹ̀ òkèèrè.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ tí ó wà lẹ́yìn èyí. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1989, bàálù United tí ó gbéra láti Denver bàjẹ́ lójú ọ̀run, ó sì já ní Sioux City ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 296 ni ó wà nínú rẹ̀, 112 kú. Ọmọ mẹ́rin ni ó wà lórí itan. Jan Brown, olórí àwọn tí ń tọ́jú èrò, ní kí àwọn òbí tẹ́ ọmọ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ; ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kú. Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ ìjọba ibẹ̀ pé kí ọmọ ní àga tirẹ̀ tí a ó fi dè é. Kì í ṣe láti dẹ́rù ba yín ni a fi sọ ọ́. Irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní owó, kí ó ra àga fún ọmọ, kí ó sì gbé àga ọmọ tí a fọwọ́ sí dání. Ẹni tí kò ní, kí ó má ṣe tú bẹ́líìtì nígbà tí iná rẹ̀ bá ń tàn, bí ọmọ ti wù kí ó ké tó, nítorí afẹ́fẹ́ lè gbo bàálù lójijì, kò sì sí apá ìyá tí ó lágbára tó láti mú ọmọ dúró nígbà náà.

Ohun kan tún wà tí ó lòdì sí ọkàn gbogbo abiyamọ. Bí afẹ́fẹ́ inú bàálù bá dínkù lójijì, ìbòmú á já bọ́ láti òkè. Wọn á sọ pé kí àgbà kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sí imú, kí ó tó fi ti ọmọ. Nígbà tí a sọ èyí ní Ìníṣà, màmá náà pariwo, ó ní, “Ìyá wo ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀?” A ṣàlàyé fún un pé ní gíga yẹn, ó lè má tó ìṣẹ́jú kan kí iyè àgbà tó sọnù, ìyá tí ó bá ń jìjàkadì láti fi ìbòmú sí ọmọ tí ń ju orí síhìn-ín sọ́hùn-ún lè dákú kí ó tó ṣe é tán, ọmọ kò sì lè fi ti ìyá sí i. Ẹni tí iyè rẹ̀ pé ni ó lè gba ọmọ là. Màmá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ẹ tún un sọ kí ìyàwó mi gbọ́ dáadáa.”

Ìrìn láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀. Ibùsùn kékeré wà tí a ń fi kọ́ sí ara ògiri níwájú àwọn àga kan, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ìgbà tí a bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni a ń béèrè rẹ̀, ọmọ tí ó bá wúwo ju nǹkan bíi kílò 10 tàbí 11 kò sì lè sùn nínú rẹ̀. Inú bàálù a máa tutù. Ìlédìí kan fún wákàtí kan kò pọ̀ jù, nítorí bàálù a máa pẹ́ nílẹ̀ nígbà mìíràn kí ó tó gbéra. Aṣọ méjì fún ọmọ, àti ọ̀kan fún ìyá: èyí ni àwọn èwe ìyá ń gbàgbé, tí wọ́n fi ń kí ọkọ pẹ̀lú èébì ní èjìká.

Ní ti oògùn tí ń mú ọmọ sùn, a bẹ̀ yín, ẹ jìnnà sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ á dábàá oògùn ikọ́ tàbí ti ara yíyún, pé ọmọ á sùn fọnfọn. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dí mímí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, láti ìparí ọdún 2008 wọ inú 2009, omi oògùn eyín híhù kan tí májèlé wọ inú rẹ̀ pa ọmọ tí ó lé ní 80. Àwọn ìyá tí ó fún wọn mu ún rò pé ìtura ni àwọn ń fún ọmọ àwọn. Kí ọmọ ké. Àwọn tí ó jókòó ti ìyá nínú bàálù, ọmọ ni wọ́n náà jẹ́ rí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mọ́tò wọn gba Ìkìrun kọjá ní kùtùkùtù, màmá náà sì wà nínú rẹ̀. Ó bá wọn sun Èkó, ó bá wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn tí ẹni tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì kì í kọjá, ó gba ọmọ, ó ki í ní oríkì rẹ̀ títí a fi ní ó tó, ó sì gbé e padà fún ìyá rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ìpè dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìníṣà ni ó bá màmá náà, àwa pẹ̀lú sì wà níbẹ̀. Kò béèrè bí bàálù ti rí, kò béèrè bóyá òtútù mú. Ó ní, “Nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń sùn?”

“Ó ń sùn, Màmá.”

“O jí i?”

“Mo jí i, Màmá. Ó mu ún títí a fi balẹ̀.”